Adébùnmí Fẹ́ Dá Lọ Wo Erin

Ní ilẹ̀ tiwa, ẹni tó bá ń bèèrè ìwà ọkùnrin àpọ́n lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, ọmọ ló fẹ́ fún un. Kò sí àlàyé mìíràn tí ẹnikẹ́ni máa gbọ́. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ lo fẹ́ tà fún un, kí ló kàn ọ́ bó bá ń mutí? Bó bá jẹ́ ewúrẹ́ rẹ ló jí, o ò ní bèèrè bóyá ara rẹ̀ le. Adébùnmí, ọmọ Pọ́ọ̀lù Ìjádé, mọ àṣà yìí dáadáa, torí àgbà obìnrin ló tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé tó gun alùpùpù zémidjan láti Ifangni lọ sí Igolo, erin ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Kò rántí àṣà kankan.

Fadel ló lọ bá, ọkùnrin tó ń ṣẹ́ owó fún àwọn oníṣòwò létí ibodè. Ilé Fadel ló kángun sí ilé awakọ̀ kan tí ń jẹ́ Àbdùlàzéèzì, tí gbogbo Igolo ń pè ní Àsísì. Àsísì yìí ló máa ń kó èrò láti Igolo lọ sí Accra, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ Adébùnmí kan sì ti sọ fún un pé kò sí awakọ̀ tó dà bíi rẹ̀ lójú ọ̀nà náà. Adébùnmí kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo gbọ́. Ó kí Fadel, ó jókòó sórí àga onígi rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Ṣé ọkùnrin yìí ń mutí? Ṣé oníjà ni? Bó bá ṣèlérí, ṣé ó máa ń mú un ṣẹ? Ara rẹ̀ ńkọ́, ṣé ojú rẹ̀ ríran dáadáa? Ta ni àwọn èèyàn rẹ̀, ibo ni wọ́n sì ń gbé, kí èèyàn lè mọ ibi tó máa lọ bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀?

Fadel gbé owó tó ń kà sílẹ̀. Ó wo ọmọbìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó rí i pé ó mọ́ tónítóní, pé ó mọ èèyàn kí.

"Madame, mi ò ní parọ́ fún yín," ló wí. "Àsísì kì í mutí, mùsùlùmí gidi ni. Kì í jà. Ìyá rẹ̀ nìkan ló kù, ẹ ó rí wọn nínú ọjà lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ. Àrùn burúkú kankan ò sí nílé wọn. Mo lè fi Àlùkùránì búra."

Adébùnmí rò ó pé ọkùnrin yìí mà fẹ́ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀ o. Ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí erin ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà. Olùkọ́ ni Adébùnmí ní CEG, ilé ẹ̀kọ́ girama ibẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa ẹranko àti ewéko ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Lọ́dọọdún ló máa ń fi ẹfun ya erin sójú pátákó, lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń bi í bóyá ó ti rí erin rí, ó sì máa ń dáhùn pé rárá. Ìyẹn nìkan ti tó ìtìjú. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, Ọyakẹ́mi, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń fún epo pupa ní Tchaada, ló tọ́ ọ láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ. Láti kékeré títí di bó ṣe fẹ́ẹ́ pé ọgbọ̀n ọdún yìí, Adébùnmí ò tíì rìn níbì kankan rí láìru ẹrù ẹlẹ́rù. Bó bá ń lọ Porto-Novo, ẹnì kan á ní kó bá òun mú kẹ́ẹ̀gì epo dání, ẹlòmíràn á fa ọmọ lé e lọ́wọ́ pé ìyá àgbà rẹ̀ ń retí rẹ̀. Nígbà tó ń lọ ṣe ìdánwò ní Cotonou, ọ̀rọ̀ tí wọ́n rán an sí ará ọ̀hún pọ̀ ju ohun tó kà lọ.

Ó fẹ́ràn àwọn èèyàn rẹ̀, kò sì kórìíra kí wọ́n rán òun níṣẹ́. Ó kàn fẹ́ rìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀ láìru ẹrù ẹnikẹ́ni, láìsí ẹni tó tẹ̀ lé e, kó lọ dúró níwájú erin, kó fi ojú ara rẹ̀ wò ó tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà, kí ayé máa bá tirẹ̀ lọ. Pendjari, igbó ẹranko tó wà ní òkè ilẹ̀ wa, ló kọ́kọ́ rò, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀nà ibẹ̀ ò fara rọ lásìkò yìí. Ó wá yan Mole, igbó ọba kan ní àríwá Ghana, níbi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ti máa ń mú àlejò fẹsẹ̀ rìn lọ wo erin. Ọlidé ńlá ló fẹ́ fi lọ. Ó ti ń tọ́jú owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kí oòrùn ọjọ́ Sátidé náà tó wọ̀, Fadel ti dé ìsọ̀ Hàsíátù, ìyá Àsísì. Ó ní kí wọ́n bá òun yọ̀, pé ọmọ ẹni rere kan ní Ifangni ti wá ṣe ìwádìí Àsísì, kò tiẹ̀ rán ẹnikẹ́ni, òun fúnra rẹ̀ ló wá. Hàsíátù ká aṣọ rẹ̀, ó sì pa ìsọ̀ dé. Àsísì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa, gbogbo ọmọbìnrin tí wọ́n sì ti mú wá fún un ló ti sọ di àbúrò. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ìyá rẹ̀ pààrọ̀ aṣọ ojú fèrèsé, ó ní kí wọ́n kun ògiri iwájú ilé. Òun náà rán èèyàn lọ sí Ifangni, torí ẹni tó bá wádìí wa, ó yẹ kí á wádìí òun náà. Èsì dára. Wọ́n ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni bàbá ọmọ náà, tó gún abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn títí ó fi fẹ̀yìntì, tí wọ́n ṣì ń pè ní Dókítà. Wọ́n ní ọmọ náà ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Hàsíátù ronú sí ti ṣọ́ọ̀ṣì yẹn díẹ̀. Ó wá rántí pé àbúrò òun ní Banigbé fẹ́ ọmọ kátólíìkì, tí wọ́n jọ ń jẹ ẹran Iléyá, tí wọ́n sì jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì, tí ara gbogbo wọn le. Ó wọ mọ́tò, ó lọ bá Ọyakẹ́mi ní Tchaada.

Inú Ọyakẹ́mi dùn dé ibi pé ó gbàgbé epo lórí iná. Ó ti kíyè sí i pé ọmọ òun ń ra bàtà tuntun, ó ń múra nǹkan kan, kò sì fẹ́ sọ. Àṣé ọkọ ni. Àwọn obìnrin méjèèjì jókòó, wọ́n pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, ẹnì kan á bá bàbá ọmọ sọ̀rọ̀, ẹnì kejì á bá ọmọkùnrin sọ̀rọ̀. Báyìí ni alárinà ṣe pé méjì fún ìfẹ́ tí kò tíì sí.

Nígbà tí Adébùnmí padà lọ sí Igolo láti lọ bá awakọ̀ náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó bá a ní gáréèjì, ó ń wo ẹ́ńjìnnì mọ́tò rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ gan-an ló wọ̀ ṣe iṣẹ́ yẹn. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí mọ ìdí rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ti kìlọ̀ fún un láti ọjọ́ Àìkú pé ọmọbìnrin náà lè yọ nígbàkigbà.

Adébùnmí kí i, ó ní òun lòun bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Fadel. Àsísì ní òun mọ̀, pé gbogbo Igolo ló mọ̀. Ó nu ọwọ́, ó wá àga fún un, kò sì mọ ibi tó máa gbójú sí. Adébùnmí rí i pé ọkùnrin náà ga, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ sì ríran dáadáa. Ó wá sọ ti ẹnu rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kó gbé òun dé Accra ní ọlidé, pé láti ibẹ̀ òun máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí àríwá, òun nìkan, láti lọ wo erin. Ó ní ìdí tí òun fi bèèrè ìwà rẹ̀ nìyẹn, torí obìnrin tó máa dá rìn gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó máa gbé òun.

Àsísì gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Donc, mọ́tò lẹ fẹ́," ló wí.

"Mọ́tò ni, Bọ̀ọ̀dá. Àbí kí ni kí n tún fẹ́?"

Àsísì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà. Nígbà tó dákẹ́, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti aṣọ fèrèsé, ti ògiri, ti Tchaada. Adébùnmí fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó rántí gbogbo ìbéèrè tó bi Fadel lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbọ́ wọn báyìí bí Fadel ṣe gbọ́ wọn. Ó ní kí ilẹ̀ la kó gbé òun mì.

"Ẹ má jẹ́ kójú tì yín," ni Àsísì wí. "Ó ti pẹ́ tí inú Ìyá ti dùn báyìí. Ẹ fún mi láyè díẹ̀, màá rọra ṣàlàyé fún wọn. Mais, ẹ sọ fún mi, kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀yin nìkan?"

Kò sí ẹni tó ti bi í ní ìbéèrè yẹn rí, torí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Adébùnmí sọ ti kẹ́ẹ̀gì epo àti ti ọmọ ọlọ́mọ. Ó rò pé á tún rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà ń lọ Accra tipẹ́tipẹ́, ẹrù èèyàn lòun máa ń gbé lọ, ẹrù èèyàn lòun máa ń gbé bọ̀, òun ò sì tíì dúró wo nǹkan kan rí. Òkun wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lòun ń gbà kọjá. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí òjìji mọ́tò fi kúrò lórí wọn, kò sì sí ẹni tó dìde nínú wọn.

Àsísì ò ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Kò ṣàlàyé ní ọ̀sẹ̀ kejì náà. Nígbà tí Adébùnmí bi í, ó ní òun ń wá ọjọ́ tó dára. Nígbà tó fi máa di ìgbà òjò, Adébùnmí ò bi í mọ́.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, ìrìn àjò ni wọ́n ń sọ. Lọ́jọ́ Sátidé, Adébùnmí máa ń wá sí Igolo, Àsísì á fi igi ya ọ̀nà sílẹ̀ fún un, láti Accra dé Kumasi, láti Kumasi dé Tamale, dé ibi tí ọ̀nà Mole ti yà. Ó bá a bèèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ará Ghana irú bọ́ọ̀sì tó yẹ kó wọ̀ àti ibi tí obìnrin lè sùn láìbẹ̀rù. Ó rán an létí káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, torí wọ́n máa ń bèèrè rẹ̀ ní ibodè. Bí kò bá sí ní Igolo, á pè é láti Lomé, kìkì láti sọ fún un pé òjò ń rọ̀ tàbí pé òjò ti dá. Adébùnmí máa ń mú fóònù dání lọ sínú ilé ìdáná. Kò mọ ìgbà tó dáwọ́ "ẹ" dúró tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "o". Ọyakẹ́mi, nígbà tó wá kí wọn, ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan wà lọ́kàn Adébùnmí. Ó mọ̀ pé òun ti fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ó sì mọ̀ pé bó pẹ́ bó yá, ọkùnrin náà máa sọ pé, "Màá bá ọ lọ." Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, obìnrin mìíràn á yọ̀ sí i. Bó bá sọ ọ́, kí ni òun máa fi dáhùn? Bí òun bá ní rárá, ó lè rò pé òun ò fẹ́ràn rẹ̀ tó. Bí òun bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìrìn tí òun ti ń dá rò láti ọjọ́ yìí ti di ti ẹni méjì nìyẹn. Nígbà mìíràn á dùbúlẹ̀, á máa bi ara rẹ̀ bóyá ọkàn òun ló burú tó fi ń fẹ́ dá wà. Àsísì ò sì sọ ọ́. Ìyẹn náà tún ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ni Ọyakẹ́mi gbé ọ̀rọ̀ lọ bá Pọ́ọ̀lù Ìjádé, àti ti Àsísì àti ti erin, torí Adébùnmí ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Pọ́ọ̀lù kì í pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ kan náà tó fi ń sọ fún ará Ifangni pé abẹ́rẹ́ ò ní dùn wọ́n ló fi ń bá ọmọ rẹ̀ wí. Ó pè é jókòó.

"Bon. Mo gbọ́ pé mùsùlùmí ni, mo gbọ́ pé awakọ̀ ni. Ó gbà mí ní ọjọ́ díẹ̀, mo ti gbé méjèèjì mì. Ta ló ń bá ọ lọ wo erin?"

"Èmi nìkan ni, Papa."

"Mo ti tọ́jú ẹni tí ejò ṣán, mo ti tọ́jú ẹni tó ṣubú lórí ọ̀pẹ. Gbogbo ẹni tó yè nínú wọn ló ní ẹnì kan tó gbé e wá. Ìwọ, bí o bá ṣubú lọ́hùn-ún, ta ló máa gbé ọ?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Adébùnmí, torí ó mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Pọ́ọ̀lù dúró lórí rárá rẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ fi ń gorí ọ̀sẹ̀. Níkẹyìn, Ọyakẹ́mi àti Hàsíátù wá ọ̀nà àbáyọ kan. Kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó kó tó di ọlidé, kí ọkọ rẹ̀ mú un lọ wo erin. Pọ́ọ̀lù gbà lójú ẹsẹ̀, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ránṣẹ́ pe Àsísì, ó bi í bóyá ó lè mú ìyàwó rẹ̀ lọ síbi tó fẹ́. Àsísì ní òun lè gbé e dé ibi tó bá fẹ́. Gbogbo wọn dunnú. Adébùnmí jókòó láàárín wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ̀ lójú rẹ̀. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni.

Nígbà tó sin Àsísì dé ẹnu ọ̀nà, ó dá a dúró.

"O mọ ohun tí mo fẹ́. Kí ló dé tí o ò sọ fún wọn?"

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Àsísì dáhùn. "Mo fẹ́ sọ ọ́, ó dé orí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n jẹ́ kí o lọ, àṣẹ mi lo máa fi lọ. Wọ́n á ní ọkọ rẹ̀ ló fún un láyè. Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn?"

Adébùnmí bínú sí i títí ilẹ̀ fi mọ́, nítorí pé òótọ́ ni.

Ní ọjọ́ ìtọrọ, àwọn ará Igolo àti Banigbé kún àgbàlá Pọ́ọ̀lù. Wọ́n gbé iṣu, iyọ̀, oyin àti aṣọ wá, wọ́n tò ó sórí ẹní. Wọ́n gbàdúrà lọ́nà ti mùsùlùmí, wọ́n gbà á lọ́nà ti onígbàgbọ́, kò sí àmín tó dínkù nínú méjèèjì. Ọyakẹ́mi wá mú Adébùnmí jáde, ó mú un kúnlẹ̀. Ó bi í gẹ́gẹ́ bí àṣà pé, àwọn èèyàn yìí gbé ẹrù wá nítorí rẹ̀, ṣé kí àwọn gbà á? Ìdáhùn rẹ̀ ò tóbi, gbólóhùn kan péré ni ọmọbìnrin máa ń sọ. Adébùnmí dákẹ́. Ọyakẹ́mi bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún dákẹ́. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn, Àsísì sì tẹ orí ba.

"Ṣé kí á gbà á, ọmọ mi?" ni Ọyakẹ́mi bi í lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ẹ gbà á, Màmá. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Mo fẹ́ Àsísì, mi ò fẹ́ ẹlòmíràn. Mo sì fẹ́ dá lọ wo erin, kí ẹ tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí ẹ bá ní àfi kó tẹ̀ lé mi, màá fẹ́ ẹ náà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan á ti kúrò lára mi tí òun náà ò ní rí fẹ́."

Pọ́ọ̀lù yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ìtìjú ti mú un níwájú àlejò. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lanu láti bẹ̀bẹ̀ fún àṣìsọ ọmọ rẹ̀ ni Hàsíátù dìde lórí ẹní.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣíwájú," ló wí. "Nígbà tí mo wà bí ọmọ yìí, èmi nìkan ni mò ń lọ ra aṣọ ní Kumasi. Mo sùn ní gáréèjì, mo sùn nílé ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Bàbá Àsísì á sìn mí dé ìdí mọ́tò, á ní kí n ná ọjà náà dáadáa. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ló tẹ̀ lé mi. Bí ọmọ yìí bá ní aṣọ lòun fẹ́ lọ rà, ṣé ẹ ò ní fún un ní àpò?"

"Ìyẹn òwò ni, Ìyá," ni Pọ́ọ̀lù wí.

"Òwò ni. Mo ṣe é títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí. Wọ́n ní adágún odò kan wà lẹ́bàá Kumasi tó rẹwà púpọ̀. Ọdún gbọọrọ ni mo fi ń lọ tí mò ń bọ̀, mi ò rí odò yẹn, torí kò sẹ́ni tó máa rán obìnrin lọ wo odò. Ó ń dùn mí títí di òní. Ẹ jẹ́ kó lọ wo erin rẹ̀. Bó bá ṣubú, èèyàn náà ló wà ní Ghana, wọ́n á gbé e."

Ó fẹ́ jókòó, ó tún rántí nǹkan kan, ó sì yíjú sí Adébùnmí.

"Má sì rò pé mi ò mọ̀. Nígbà tí Fadel ní o bèèrè bóyá ojú ọmọ mi ríran, mo mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ lò ń wá. Ta ló ń tìtorí ojú ríran yan ọkọ? Mo kàn rò ó pé ọmọ tó lè bèèrè tó bẹ́ẹ̀ kó tó wọ mọ́tò, irú rẹ̀ ni mo ń wá."

Ẹ̀rín bú jáde ní àgbàlá. Fadel, tó jókòó lẹ́yìn, ní wọ́n ti fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Pọ́ọ̀lù ò rẹ́rìn-ín. Ó bi Àsísì pé kí lòun náà rí sí i. Àsísì ní òun máa gbé e dé Accra, láti ibẹ̀ ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló kù. Pọ́ọ̀lù ní bó bá wá pè é tí kò gbé fóònù ńkọ́?

"Mi ò ní pè é, Papa. Òun ló máa pè mí nígbà tó bá wù ú."

Pọ́ọ̀lù wo ọmọkùnrin náà pẹ́. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ṣì kúnlẹ̀. Ó wọ awò ojú rẹ̀ padà.

"Kó mú oògùn ibà dání," ló wí. "Kó má sì gbẹ́kẹ̀ lé apẹ̀fọn, kó mú nẹ́ẹ̀tì."

Bí ó ṣe gbà nìyẹn. Ọjọ́ ìgbéyàwó ṣì kù. Pọ́ọ̀lù fẹ́ kí wọ́n dá a lójú ẹsẹ̀, Hàsíátù ní rárá, ẹni tó ń rìn ni kó wá sọ ìgbà tó máa dúró. Ọ̀rọ̀ yìí ò tẹ́ Àsísì lọ́rùn tó, mo lè sọ ìyẹn fún yín. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá fojú rí ayé lè má fẹ́ padà sí Igolo mọ́. Ṣùgbọ́n ó gbé e mì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ, Ọyakẹ́mi dé láti Tchaada pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Accra. Ó ti gbé e dé ẹnu mọ́tò kó tó rántí. Ó wo Adébùnmí, ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó sì yí padà láìsọ nǹkan kan, ó gbé epo rẹ̀, ó ń padà lọ. Adébùnmí sáré tẹ̀ lé e, ó dì mọ́ ọn lẹ́yìn, kẹ́ẹ̀gì ò tiẹ̀ tíì kúrò lórí Ọyakẹ́mi.

Ní Accra, Àsísì gbé báàgì rẹ̀ dé ìdí bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí àríwá. Ó fẹ́ sọ pé kó tọ́jú ara rẹ̀, ó rí i pé gbogbo ayé ti sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Wò ó dáadáa." Ó padà sínú mọ́tò rẹ̀, ó sì kó èrò bọ̀ wálé.

Lẹ́yìn ìyẹn, Igolo ò jẹ́ kó gbádùn. Fadel á bi í bóyá erin ti gbé ìyàwó rẹ̀. Àwọn awakọ̀ á ní kó pè é, ọkùnrin mélòó ló ń ṣe báyìí? Àsísì á fi fóònù sápò, á tún mú un jáde wò, á tún fi í pamọ́. Kò pè é.

Ní Mole, ẹ̀ṣọ́ igbó mú Adébùnmí àti àwọn àlejò bíi mélòó kan sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí omi ní kùtùkùtù. Ó ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Erin mẹ́ta ló wà nínú omi, ìkẹrin ń bọ̀ láti inú igbó, ó ń rìn jẹ́jẹ́. Gbogbo ohun tí Adébùnmí ti ń yà sójú pátákó ló kéré. Kò mọ̀ pé awọ rẹ̀ máa rí báyẹn, tí ẹrẹ̀ ń gbẹ lára rẹ̀. Kò mọ̀ pé ó máa ń mí kíkankíkan báyẹn. Erin náà dúró, ó kọjú sí wọn, ó na ọwọ́jà rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn àlejò yòókù ń ya fọ́tò, wọ́n ń fi han ara wọn. Adébùnmí jókòó sórí òkúta, kò ya nǹkan kan. Kò sí ẹni tó ń dúró dè é, kò sí ẹni tó fẹ́ kó yára. Ó wò ó títí ojú rẹ̀ fi kún. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tí kò mọ ohun tó máa fi ayọ̀ náà ṣe.

Ìgbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn tán ló wá rí i pé ẹnì kan wà tí òun fẹ́ sọ ọ́ fún. Kì í ṣe pé ó yẹ. Ó kàn wù ú ni. Ó gun òkè lọ síbi tí fóònù ti ń gbà.

Ní gáréèjì Igolo, èrò ti kún mọ́tò Àsísì, wọ́n ń pariwo pé kó jẹ́ káwọn lọ. Hàsíátù wà níbẹ̀, ó ní aṣọ lòun wá gbà lọ́wọ́ ẹnì kan. Fóònù dún. Àsísì bọ́ sílẹ̀.

"Mo ti rí i," ni Adébùnmí wí.

"Ṣé ó dùn?"

Ẹkún ló fi dáhùn. Àsísì ò ní kó dákẹ́. Ó dúró ti ẹkún náà títí ó fi tán.

"Àsísì, sọ fún Ìyá kí wọ́n dá ọjọ́. Kó súnmọ́."

"Báwo ló ṣe máa súnmọ́ tó?"

"Kí n sáà ti délé kí n fọ ẹsẹ̀ mi."

Àsísì yíjú sí ìyá rẹ̀. Ó nawọ́ fóònù sí i kó lè gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Àwọn èrò tó wà nínú mọ́tò dákẹ́ ariwo, kò sì sí ẹni tó tún ní kó yára mọ́.